Ògèdèǹgbé Agbógungbórò àti Ìbọn Tí A Ń Kì Nídìí

Ní Kúta, ìlú àwọn ọmọ Òwu tí ó wà ní ẹ̀bá Ìwó, a kì í sọ ìtàn ìlú kí a má dárúkọ Anlugbua, akọni tí àwọn Òwu ń bọ gẹ́gẹ́ bí baba ńlá wọn. Ìran jagunjagun ni ìran Òwu. Idà gígùn tí ó wúwo, tí wọ́n ń pè ní agẹ̀dẹ̀ǹgbé, ni wọ́n fi ń jà, ìjà àfojúkojú sì ni tiwọn. Ní nǹkan bí ọdún 1820 sí 1827, nígbà tí ọ̀rọ̀ ọjà Apòmù dá ogun sílẹ̀ láàrin Òwu àti Ifẹ̀, tí Ìjẹ̀bú sì gbè lẹ́yìn Ifẹ̀, irú ìjà bẹ́ẹ̀ pàdé ohun tí kò pàdé rí. Àwọn Ìjẹ̀bú, tí ilẹ̀ wọn súnmọ́ etí òkun, ti ń gba ìbọn àti ẹ̀tù lọ́wọ́ àwọn òyìnbó. Ọta ń bá ọmọ Òwu níbi tí idà rẹ̀ kò lè dé. Lẹ́yìn tí a ti dó ti ìlú náà pẹ́, Òwu fọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ sì fọ́n káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Kì í ṣe àìláyà ni ó fọ́ Òwu. Ọ̀nà òkun ni kò sí lọ́wọ́ wọn.

Ní ọdún 1894, a mú àgbà jagunjagun kan wá sí Ìwó gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a lé kúrò ní ìlú rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni. Orúkọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dún bí orúkọ idà àwọn Òwu létí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí bẹ́ẹ̀ sọ wọ́n di ọ̀kan náà. Ògèdèǹgbé ni, tí ayé mọ̀ sí Agbógungbórò, olórí ogun Èkìtìparapọ̀. Idà kọ́ ni ohun ìjà tí ó sọ ọ́ di ẹni tí a kò lè gbàgbé. Ìbọn ni, irú ìbọn tí àwọn Ìjẹ̀bú ayé ogun Òwu pàápàá kò rí rí. Ìbọn yìí kan náà, nígbà tí ó bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, ni ó mú un dé Ìwó.

Àtórìn, létí Iléṣà, ni a bí i sí. Òrìṣàráyíbí Ògúndàmọ́lá ni orúkọ tí ìtàn fi mọ̀ ọ́n kí Ògèdèǹgbé tó bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ayé ìgbà náà kò rọrùn fún ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Ọ̀yọ́ Ilé ti tú, Ìbàdàn ti dìde, agbára Ìbàdàn sì ń tàn dé Ọ̀ṣun, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì lọ́dọọdún. Nígbà tí Ògèdèǹgbé wà ní ọ̀dọ́, ọwọ́ àwọn Ìbàdàn tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì mú un lẹ́rú lọ sí ìlú wọn. Ẹlòmíràn ìbá ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn ìgbà náà jẹ́ ibi tí ẹrú tí ó bá gbójú lè fi di ọmọ ogun, ibẹ̀ sì ni ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ti rí bí a ti ń tẹ ibùdó, bí a ti ń pín ọ̀wọ́ ogun, àti bí olórí ogun ṣe ń bọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tí ó kọ́ lọ́wọ́ wọn ni ó padà wá fi bá wọn jà. Àwọn àgbà Ìbàdàn mọ èyí dájú, ó sì dùn wọ́n.

Nígbà tí ó padà sí ilé, ó di ọ̀kan nínú àwọn tí Iléṣà gbójú lé. Ní ọdún 1870, lẹ́yìn ìdótì tí ebi jẹ́ olórí ohun ìjà nínú rẹ̀, Ìbàdàn kó Iléṣà. Ògèdèǹgbé bọ́. Ó gba apá ìlà-oòrùn lọ, ó sì tẹ ibùdó sí Ìta-Ògbólú, kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń jagun kiri ní agbègbè Èkìtì àti Àkókó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò yẹ kí a fi adùn ọ̀rọ̀ bo ìgbà yìí mọ́lẹ̀. Àwọn ìlú tí ọmọ ogun rẹ̀ kó kò pè é ní olùgbàlà, àwọn tí a sì kó lẹ́rú nínú wọn ni a fi ń bọ́ ogun. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọ̀gágun ìgbà náà ń ṣe, Ìbàdàn ni ó sì tóbi jù nínú wọn.

Ní ọdún 1878, ara ta Fábùnmi ọmọ Òkèmẹ̀sí nítorí ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn fi sórí àwọn ìlú. Ó pa ajẹ́lẹ̀ tí ó wà ní ìlú rẹ̀, àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì dìde papọ̀. Èyí ni Èkìtìparapọ̀. Ìbàdàn kọ́kọ́ na àwọn àti àwọn tí ó gbè wọ́n lẹ́yìn ní Ìkìrun ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá ọdún náà, nínú ogun tí a ń pè ní Jálumi. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ọmọ ogun méjèèjì wọ àárín àwọn òkè tí ó wà láàrin Igbájọ àti Òkèmẹ̀sí, tí wọ́n sì tẹ ibùdó dojú kọ ara wọn. A pe Ògèdèǹgbé. Kò yára dá wọn lóhùn, ó jọ pé ó fẹ́ mọ bí ìṣọ̀kan náà ṣe fìdí múlẹ̀ tó. Nígbà tí ó dé, Fábùnmi, tí ó ti ń darí ogun, fi ipò olórí sílẹ̀ fún un. Ìwà àgbà ni Fábùnmi hù níbẹ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn tí ń sọ ìtàn yìí sì ń fò ó kọjá.

Kí a tó lè mọ ohun tí Ògèdèǹgbé ṣe ní ibùdó náà, ó yẹ kí a mọ irú ìbọn tí ọwọ́ jagunjagun Yorùbá ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ṣakabùlà ni. Inú ọ̀pá rẹ̀ ń dán láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹnu ni a ti ń kì í: a ó gbé ìbọn dúró, a ó da ẹ̀tù sí i, a ó fi ọ̀pá ti ìdì okùn tàbí àkísà lé e lórí, a ó ju ọta sí i, a ó tún fi ìdì mìíràn dí i kí ọta má baà yọ́ jáde. Lẹ́yìn èyí ni a ó wá da ẹ̀tù díẹ̀ sínú àwo kékeré tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí òkúta ìṣáná yóò ti ta iná sí i. Bí òjò bá rọ̀, tí ẹ̀tù àwo náà tutù, ìbọn ti di igi lásán. Ọwọ́ tí ó yá jù ni ó lè yìn ín lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta láàrin ìṣẹ́jú kan, ẹni tí ń kì í kò sì lè ṣe é ní ìdùbúlẹ̀. Ọta rẹ̀ kì í kún inú ọ̀pá pinpin. Bí ó ti ń jáde ni ó ń gbá ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ibi tí ó bá sì gbá kẹ́yìn ni yóò darí ọ̀nà rẹ̀. Bí ó bá ti kọjá nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀, orí ni ó kù kí ènìyàn fi bá ẹnìkan.

Ìbọn tí ó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó fún àwọn Ìbàdàn ní ọgbọ́n ìjà wọn. Wọn a yìnbọn, wọn a sì sáré wọ inú ọ̀tá nígbà tí ìyẹn ṣì ń kì tirẹ̀ lọ́wọ́. Ìgboyà ni ó ń ṣẹ́gun ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, Ìbàdàn sì ní ìgboyà jù.

Ráífù yàtọ̀ ní ọ̀nà méjì. Èkínní wà nínú ọ̀pá. A gbẹ́ ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sí inú rẹ̀, kì í ṣe tààrà, ṣùgbọ́n ní yíyí bí okùn tí a lọ́. Òjé rírọ̀ ni ọta rẹ̀; nígbà tí ẹ̀tù bá gbiná, ìdí ọta náà a fẹ̀, a sì há mọ́ àwọn ihò yìí, kò sì ní ṣe méjì kí ó má yí bí ó ti ń jáde. Ẹni tí ó bá ta òkòtó rí ní kékeré yóò mọ ìdí rẹ̀: níwọ̀n ìgbà tí òkòtó bá ń yí, yóò dúró ṣánṣán, ìgbà tí yíyí bá tán ni ó ń ṣubú. Ọta tí ń yí kì í yà lọ́nà. Ó lè bá ènìyàn ní ọ̀rìnlénígba ìṣísẹ̀ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, níbi tí ẹni náà kò ti tilẹ̀ rò pé ogun ti bẹ̀rẹ̀.

Ìkejì wà ní ìdí ìbọn. Ìbọn tí ó dé ọ̀dọ̀ Èkìtìparapọ̀ jù ni èyí tí a ń pè ní Snider, tí a fi orúkọ Jacob Snider, ọmọ Amẹ́ríkà, pè. Ní ọdún 1866 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà á fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Kì í tilẹ̀ ṣe ìbọn titun pátápátá: ráífù Enfield tí a ń kì lẹ́nu ni a gé ìdí rẹ̀, tí a sì fi ìlẹ̀kùn irin kékeré sí i, èyí tí ń ṣí sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀tù, ọta, àti ohun tí ń ta iná sí ẹ̀tù, gbogbo wọn ni a ti dì papọ̀ sínú akoto idẹ kan. A ó ṣí ìlẹ̀kùn, a ó ti akoto náà sí i, a ó pa ìlẹ̀kùn dé, a ó fa òòlù rẹ̀ sẹ́yìn, a ó yìn ín. A ó tún ṣí i, a ó fa akoto òfìfo sẹ́yìn, a ó dojú ìbọn dé kí ó já bọ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́ ọn lè yìn ín ní ìgbà mẹ́wàá láàrin ìṣẹ́jú kan. Òjò kò fi bẹ́ẹ̀ rí i gbé ṣe. Ohun tí ó sì ṣe pàtàkì jù ni pé ènìyàn lè dùbúlẹ̀ sẹ́yìn ògiri tàbí òkìtì yẹ̀pẹ̀, kí ó máa kì í, kí ó máa yìn ín, kí ọ̀tá má rí ju fìlà rẹ̀ lọ.

Láti ọdún 1871 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi ìbọn mìíràn, Martini-Henry, rọ́pò Snider fún àwọn ọmọ ogun wọn. Ìbọn tí òyìnbó ń fi sílẹ̀ wá di ohun tí owó oníṣòwò lè ká. Ní Èkó, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú tí wọ́n sì ti Sàró padà, ti kó ara wọn jọ sí ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀. Wọ́n dá owó, wọ́n ra ìbọn. Ọ̀nà tí ìbọn gbà wá tún jẹ́ ìtàn fúnra rẹ̀. Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ti dínà mọ́ Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1872, ìjọba Èkó ti ṣí ọ̀nà mìíràn láti ojú ọ̀sà gba Òǹdó lọ sí òkè, kí òwò lè máa kọjá. Ọ̀nà òwò yìí ni ó di ọ̀nà ìbọn. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan tí ń jẹ́ Gúrèjé wà lára àwọn tí ìtàn dárúkọ pé ó bá wọn kó o lọ sí ojú ogun.

Ní ibùdó ni iṣẹ́ Ògèdèǹgbé ti hàn. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, oògùn rẹ̀ ni ó gbé e dé ibi tí ó dé. Kò sí jagunjagun ìgbà náà tí kò ní oògùn lára, bẹ́ẹ̀ ni Láàtòósà, Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò Ìbàdàn, kò jókòó lásán láìní tirẹ̀. Ohun tí Ògèdèǹgbé ní tí ẹlòmíràn kò ní ni òye pé ìjà ti yí padà. Ọkùnrin tí a kọ́ ní ogun Ìbàdàn, tí ó mọ àtisáré wọ inú ọ̀tá dunjú, ni ó wá gbà kí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ jókòó sí ẹ̀yìn odi, kí wọ́n sì jẹ́ kí Ìbàdàn máa sáré bọ̀. Bí Ìbàdàn ti ń sọ̀kalẹ̀ láti òkè, ọta ń pàdé wọn kí ṣakabùlà tiwọn tó lè dáhùn. Àwọn ọ̀dọ́ tí ìgboyà wọn pọ̀ jù ni wọ́n kọ́kọ́ ń lọ. Ìró ìbọn tí ń ṣe kìrìjì kìrìjì láàrin àwọn òkè náà ni wọ́n ní a fi sọ ogun náà lórúkọ. Odò kan tí ó wà níbẹ̀ ni wọ́n sì sọ ní Fẹ̀jẹ̀bójú.

Síbẹ̀, Ìbàdàn kò tú. Ó yẹ kí a yìn wọ́n fún èyí. Wọ́n ń jà ní iwájú, wọ́n ń jà ní Ọ̀fà pẹ̀lú Ìlọrin, ọ̀nà òkun sì dí mọ́ wọn lẹ́yìn. Níkẹyìn àwọn náà rí Snider díẹ̀ rà ní owó ńlá. Láti ìgbà náà ni kò ti sí ẹgbẹ́ tí ó lè lé èkejì mọ́. Ìbọn tí ó yẹ kí ó parí ogun ni ó sọ ọ́ di àìlópin.

Ohun kan tún wà tí kì í yé àwọn tí ń pa ìtàn Kìrìjì bí ìtàn ìgboyà nìkan. Ṣakabùlà, bí ó bá bàjẹ́, alágbẹ̀dẹ ilé lè tún un ṣe. Ó lè rọ ọta rẹ̀, òkúta odò pàápàá lè di ọta nígbà ìṣòro. Ògún ilé ni ó ń bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kò sí alágbẹ̀dẹ ní Iléṣà tàbí ní Ìbàdàn tí ó lè ṣe akoto idẹ tí Snider ń jẹ. Ọjọ́ tí akoto bá tán, ráífù kò sàn ju kùmọ̀ lọ, kùmọ̀ tí ó wọn tó pọ́n-ùn mẹ́sàn-án. Nítorí náà, bí Ògèdèǹgbé ti ń lágbára sí i lójú ogun, bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń bọ́ sí ọwọ́ àwọn tí ó wà ní Èkó, tí wọ́n lè ṣí ọ̀nà, tí wọ́n sì lè tì í. Ibi tí Òwu ti ṣubú kò ṣe àjèjì sí ibi tí ó dúró sí.

Láàtòósà kú sí ibùdó ní ọdún 1885. Ní ọdún 1886, pẹ̀lú ìjọba Èkó láàrin wọn, àwọn ọba àti ìjòyè ẹgbẹ́ méjèèjì fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, ṣùgbọ́n ibùdó kò tú tán. Ní ọdún 1890, àwọn ìjọba òyìnbó péjọ sí Brussels, wọ́n sì fi ẹnu kò pé kí a má ṣe ta ráífù àti ọta rẹ̀ mọ́ fún àwọn ènìyàn apá tí ó pọ̀ jù ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ìbọn olókùúta tí inú rẹ̀ ń dán, ìyẹn ṣakabùlà, ni wọ́n yọ̀ǹda. Òwò ẹrú ni wọ́n ní àwọn fẹ́ dá dúró. Kò sì ṣàìrí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan náà kò fi ráífù tiwọn sílẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, ní Ìmàgbọn, ìbọn Maxim tí ń yìn fúnra rẹ̀ láìdúró fọ́ ogun Ìjẹ̀bú, àwọn tí ìbọn wọn ti fọ́ Òwu ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún ṣáájú. Ìròyìn náà dé Kìrìjì. Ní oṣù Kẹta ọdún 1893, nígbà tí Gómìnà Carter gòkè wá, ibùdó méjèèjì tú, olúkúlùkù sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ìjà láàrin Ìbàdàn àti àwọn ọ̀tá rẹ̀ gbà.

Kí ni olórí ogun yóò ṣe nígbà tí ogun bá tán? Ògèdèǹgbé padà sí Iléṣà pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ọmọ ẹ̀yìn tí kò mọ iṣẹ́ mìíràn ju ogun lọ. Àwọn ọ̀dọ́ yìí kò gbé jẹ́ẹ́, ẹjọ́ wọn sì ń dé etí Ọ̀gágun Bower, tí ìjọba fi sí Ìbàdàn. Ní ọdún 1894 ni Bower mú Ògèdèǹgbé, tí ó sì ní kí a mú un lọ gbé ní Ìwó. Kò sí ogun tí ó dìde láti gbà á sílẹ̀. Ọkùnrin tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún dá Ìbàdàn dúró, ọmọ ogun ìjọba díẹ̀ tí wọ́n gbé ìbọn tí a ń kì nídìí ni wọ́n kó o kọjá. Òun fúnra rẹ̀ mọ ohun tí ìbọn náà lè ṣe ju ẹnikẹ́ni lọ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, bóyá ìdí nìyẹn tí ó fi lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ilẹ̀ tí ó dé kì í ṣe ilẹ̀ tí ìtàn bẹ́ẹ̀ ṣàjèjì sí: Kúta wà nítòsí ibẹ̀, Apòmù kò sì jìnnà.

Nígbà tí ó yá, wọ́n dá a sílẹ̀, ó sì padà sí Iléṣà. Ní ọdún 1896, Frederick Kúmókun Haastrup, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà Èkó, gun orí ìtẹ́, ó sì di Ọwá Ajímọ̀kọ. Ògèdèǹgbé gba oyè Ọbańlá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí jókòó láàrin àwọn ìjòyè, ó ń gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ àti ti ìgbéyàwó. Ní ọdún 1910 ni ó kú.

Ohun tí àwọn òyìnbó fi ẹnu kò sí ní Brussels kò kúrò lára àṣà wa. Òfin ìbọn ọdún 1959 ní Nàìjíríà pàápàá ya ìbọn tí a ń kì lẹ́nu sọ́tọ̀ sí ráífù, ó sì fi ìwé àṣẹ tirẹ̀ sí ọwọ́ àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀. Nítorí náà ṣakabùlà ni ó wà ní èjìká ọdẹ títí di òní, ní agbègbè Ìwó àti Kúta bí ó ti wà ní ibi gbogbo. Bí ọdẹ bá kú, òun ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń yìn. Wọn a gbé e dúró, wọn a da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, wọn a fi ọ̀pá kì í, wọn a sì kọjú rẹ̀ sí òkè.